Ẹja Tí Ọnárébù Fẹ́ Fẹnu Kò Lẹ́nu

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abà Gbòdògì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka oyè ọkùnrin náà tán, torí béèyàn bá gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀, kì í jẹun alẹ́. Ọnárébù Olóyè Oyèkúnlé, Alága Pátápátá fún Ìgbìmọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Omi, Bàbá Adágún Gbogbo, Erin Inú Ibú. Ìjọba ló fún un ní oyè alága. Àwọn tó kù, òun àti Yésúfù akọ̀wé rẹ̀ ni wọ́n jókòó ti ara wọn tí wọ́n ń hun ún lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé Erin Inú Ibú yìí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí garawa bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀ọ́kán ló ti máa ń nawọ́ bu omi.

Abà Gbòdògì wà lápá Akínyẹlé. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Mọ́níyà, tẹ́ ẹ kọrí sọ́nà Ìjàyè, tẹ́ ẹ wá yà síbi tí ọ̀dà títì ti parí, ẹ máa débẹ̀ kí ìdí yín tó kú tán lórí ọ̀kadà. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Adágún ńlá kan wà lẹ́yìn abà, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, eèsún ló yí i ká. Àrọ̀ wà níbẹ̀, epìyà wà níbẹ̀. Ẹja òyìnbó kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn kan dà sínú rẹ̀ láyé ọjọ́sí, ìpẹ́ ara rẹ̀ fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Òyìnbó ń pè é ní káàpù. Àwọn ará abà ń pè é ní onípẹ́, wọ́n ń yan án jẹ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àwọn obìnrin ló ni ẹja pípa níbẹ̀. Wọ́n á de omi fún oṣù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò ní pẹja, kí ẹja lè yé ẹyin, kí ọmọ ẹja lè dàgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí i, kálukú á gbé igèrè rẹ̀. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣí i, Mùjíbátù sì ti ń ka ọjọ́. Opó ni Mùjíbátù, ó bímọ mẹ́ta, ó ní ààrò ẹja yíyan méjì lẹ́yìnkùlé. Ààrò yẹn ló ń bọ́ wọn, òun náà ló rán àkọ́bí rẹ̀ lọ síléèwé nọ́ọ̀sì. Bí adágún bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, alángbá ni yóò máa sùn nínú ààrò Mùjíbátù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí Ọnárébù ò fi í sọ́kàn ní tiẹ̀.

Fóònù ló kó bá Ọnárébù. Ó rí òyìnbó kan níbẹ̀ tó gbé onípẹ́ kan mọ́yà bí ọmọ tuntun, tó fẹnu kò ó lẹ́nu, tó ya fọ́tò, tó sì rọra dá a padà sómi. Ọnárébù wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Yésúfù," ló wí, "ohun tó fi jẹ́ pé àwa ò tíì làjú nìyí. Àwa ń jẹ ẹja. Àwọn ń bá a ṣọ̀rẹ́."

"Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n yìí rán yín sáyé, sà," Yésúfù wí. Bí Ọnárébù bá sín náà, bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn.

Ni wọ́n bá gbéra, ó di Abà Gbòdògì, pẹ̀lú mọ́tò mẹ́rin, àga aláṣọ pupa kan, àti gbohùngbohùn tó ń hu bí ajá. Àwọn ará abà tó jáde ò tó ogójì. Abẹ́ igi kan ni gbogbo wọn jókòó sí, wọ́n sún mọ́ ọn débi pé wọ́n ń gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń kùn. Síbẹ̀, gbohùngbohùn ló fi bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, tí mo fẹ́ràn ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn ara yín lọ! Mo bi yín léèrè, kí ni ẹja? Ẹja kì í ṣe ọbẹ̀! Láti ọjọ́ táláyé ti dáyé lẹ ti ń kó ẹja nínú omi yìí. Kí ni ẹja rí gbà lọ́wọ́ yín? Ata! Iyọ̀! Èéfín! Ojú ń tì mí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sunkún mọ́, mo ti dé."

Kò sẹ́ni tó ń sunkún.

"Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá mú ẹja níbí, á gbé e mọ́ra, á fẹnu kò ó lẹ́nu, á ya fọ́tò, á sì dá a padà sílé rẹ̀!"

"Sílé rẹ̀!" Yésúfù lọgun. "Ó ní sílé rẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ fọhùn!"

Ìyá Alódò nawọ́ sókè. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin abà, òun ni wọ́n sì ń bi kí wọ́n tó wọ omi.

"Ọmọ mi," ó ní, "o máa mú ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wàá fi ìwọ̀ ya á lẹ́nu?"

"Díẹ̀ ni, Ìyá."

"Wàá wá fẹnu kò ó níbi tó ń ta á yẹn?"

"Nítorí ìgbafẹ́ ni, Ìyá."

"Ta ló ń gbafẹ́ níbẹ̀, ìwọ ni àbí ẹja?"

Ọnárébù rẹ́rìn-ín bí ẹni ń rẹ́rìn-ín fọ́mọdé, ó sì tú èyí tó kù sílẹ̀. Wọ́n máa fi irin yí adágún ká. Géètì kan ṣoṣo ló máa ní. Àwọn èèyàn ńlá láti ìgboro ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé wá bá ẹja ṣọ̀rẹ́. Àwọn obìnrin abà ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan omi mọ́, ṣùgbọ́n kí inú wọn dùn, torí wọ́n máa mú mẹ́ta nínú wọn láti máa gbálẹ̀ ẹnu géètì.

Ìbuwọ́lùwé kan péré ló kù. Dókítà Olúrẹ̀mí, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àgbà láti iléeṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn, máa wá wo adágún náà lójú ara rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ òní. Lọ́jọ́ náà ni Ẹgbẹ́ Apẹja Onígbafẹ́ máa mú onípẹ́ níṣojú rẹ̀. Ọnárébù ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó sì dìbò yan ara rẹ̀ sípò ààrẹ. Bí obìnrin náà bá ti fọwọ́ síwèé, ó parí nìyẹn. Pátákó géètì ti wà nílẹ̀, orúkọ Ọnárébù ti wà lára rẹ̀, kò sì sí àyè kankan tó ṣẹ́ kù láti kọ orúkọ adágún sí.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Mùjíbátù.

Fóònù kan náà ló sọ fún Ọnárébù pé bí òyìnbó bá fẹ́ pe onípẹ́ jọ, á fọ́n ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sísè sómi.

"Ẹ̀kúnwọ́?" Ọnárébù wí. "Ṣé èèyàn ẹ̀kúnwọ́ ni mí?"

Ó pàṣẹ kí wọ́n máa se àgbá àgbàdo méje lójúmọ́, fún ọjọ́ méje gbáko. Ilé kọ̀ọ̀kan kó tiẹ̀ jáde. Àwọn obìnrin ń dáná láti àárọ̀, àwọn ọkùnrin ń rù ú lọ sétí omi. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn ẹja jà sí i. Lọ́jọ́ kẹta, èyí tó rọ̀ dáadáa ni wọ́n ń ṣà jẹ. Nígbà tó máa di ọjọ́ karùn-ún, onípẹ́ kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé ẹrọ̀fọ̀ ló fẹ̀yìn tì, tó ń mí gúlegúle. Ẹ ní báwo ni mo ṣe mọ̀? Ta ló ń sọ̀tàn fún ta?

Mùjíbátù lọ bá Yésúfù létí omi. "Bọ̀dá Yésúfù, ẹ dákun. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo àgbàdo fún ẹja, kí làwa fẹ́ jẹ? Ẹja gan-an ti yó. Ẹja tó bá yó kì í wo ìwọ̀."

"Ṣé ìwọ wá gbọ́n ju fóònù lọ ni?"

"Mi ò gbọ́n jù ú lọ. Mo kàn ti pa ẹja rí ni."

"Òun náà ló jẹ́ kó o máa rùn fún èéfín."

Mùjíbátù wò ó láti orí délẹ̀. "Kò burú, bọ̀dá. Ẹ yáa fi ṣúgà díẹ̀ sí i fún wọn. Ẹ sì fún wọn lómi tútù mu."

Nǹkan mìíràn tó ń da Ọnárébù láàmú ni ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń sọ̀rọ̀ fún omi. (Ó máa ń sọ̀rọ̀ fún omi. Ẹ má bi mí.) Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ kankan ò gbọ́dọ̀ fọhùn lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà bá dé. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà tì wọ́n, wọ́n fún wọn ní ọ̀pá gígùn àti fìlà tó dọ́gba. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìgbìmọ̀ náà mú àbọ̀ wá pé ọ̀pọ̀lọ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn, àfi ìdílé kan lápá ìwọ̀ oòrùn tó ṣì ń rò ó lọ́wọ́. Ọnárébù ní kí wọ́n fún ìdílé náà ní ọjọ́ kan sí i. Ó ní òun kì í ṣe ìkà.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí wọ́n ṣe máa gbé ẹja dánra wò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kankan nínú wọn ò tíì mú ẹja rí, iṣu ni wọ́n fi ṣe é. Ẹgbẹ́ Apẹja Onígbafẹ́, ọkùnrin méje, wọ ẹ̀wù tí àpò mẹ́rìndínlógún wà lára rẹ̀, tí kò sì sí nǹkan kan nínú ìkankan. Wọ́n tò sójú kan, kálukú gbé iṣu rẹ̀ mọ́yà. Ọnárébù ló wà láàárín, òun ló gbé èyí tó tóbi jù. Fàdìlàt, ọmọbìnrin tó ń ya fọ́tò fún un, dúró níwájú wọn.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, sà. Ẹ fi ojú ìfẹ́ wò ó. Ẹ fẹnu kò ó báyìí."

Ọnárébù dijú, ó fẹnu ko iṣu. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

"Ìdí iṣu lẹ fẹnu kò yẹn o, sà," Fàdìlàt wí. "Ibi orí ẹ̀ ló wà lókè yẹn."

"Ẹni ńlá kì í mọ ìyàtọ̀," Yésúfù dáhùn kíá. "Ibi tí Ọnárébù bá fẹnu kàn, ibẹ̀ ló máa di orí."

Ọjọ́ pé. Mọ́tò kékeré kan ló gbé Dókítà Olúrẹ̀mí wá. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó mú omi inú ike kan dání. Wọ́n na kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un láti ẹnu mọ́tò dé orí àga, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Alódò. Mùjíbátù jókòó tẹ̀ lé wọn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ìwé náà wà nínú báàgì obìnrin yẹn. Mùjíbátù ń wo báàgì bí ẹni ń wo ejò.

Ọnárébù sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan. Ó kí ìjọba, ó kí omi, ó kí afẹ́fẹ́, ó kí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àárín ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ kan ti fọhùn lápá ìwọ̀ oòrùn. Ọkùnrin mẹ́fà sáré gbé ọ̀pá. Ẹnìkan já sínú ẹrọ̀fọ̀, fìlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ léfòó.

Wọ́n wá ju ìwọ̀. Ti Ọnárébù kọ́ fìlà Yésúfù lórí, ó gbé e lọ sínú omi.

"Ó ti mú ọ̀kan!" ni ẹgbẹ́ lọgun.

"Fìlà mi nìyẹn," Yésúfù wí jẹ́jẹ́. Ó rántí ara rẹ̀. "Ó sì wù mí bẹ́ẹ̀, sà."

Wákàtí kan kọjá. Ìkejì kọjá. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́jọ nà sórí omi, kò sí èyí tó mì. Láàárín gbùngbùn adágún, àwọn onípẹ́ ń yọjú sókè, ikùn wọn rí róbótó, wọ́n á wo ìwọ̀ bí ẹni tó ti jẹun tán tí wọ́n tún ń fi ẹ̀kọ lọ̀, wọ́n á sì padà sísàlẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ní ẹ̀rù Ọnárébù ló ń bà wọ́n. Ẹnìkejì ní rárá o, wọ́n ń jà nísàlẹ̀ lórí ẹni tí Ọnárébù máa kọ́kọ́ fà ni. Ọnárébù ní òun gba ti ẹnìkejì.

Dókítà Olúrẹ̀mí yíjú sí Mùjíbátù. "Àǹtí, kí ló dé tí wọn ò jẹ ìwọ̀?"

"Wọ́n ti yó ni, mà. Ọjọ́ méje la fi bọ́ wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wo aago.

Ọnárébù rí i bó ṣe wo aago. Ó fa Yésúfù sẹ́yìn mọ́tò, ó ní, "Wá ẹja. Níbikíbi. Ẹja ńlá." Ni Yésúfù bá fò mọ́ ọ̀kadà, ó di Mọ́níyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa Yésúfù kí ẹ má baà bú u jù. Inú abọ́ nìkan ló ti ń pàdé ẹja láti kékeré. Nílé bàbá rẹ̀, bàbá ló ń jẹ orí, ìyá ló ń jẹ ìrù, àárín ló ń kan àwọn ọmọ. Lójú Yésúfù, àárín ni ẹja. Ó wọ ilé yìnyín kan létí títì, ó ní kí ìyá tó ń tajà fún òun ní èyí tó tóbi jù.

"Pánlá yìí ló tóbi jù," obìnrin náà wí. Ó gbé e jáde. Kò ní orí, wọ́n ti la inú rẹ̀, ó le bí igi ìdáná. Ẹ̀yin náà mọ pánlá. Bí wọ́n ṣe ń kó o wá láti òkun nìyẹn.

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Bọ̀dá, ara yín yá?"

"Ẹ bá mi dì í," Yésúfù wí.

Nígbà tí èyí ń lọ ní Mọ́níyà, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí adágún. Dókítà Olúrẹ̀mí bi Ìyá Alódò pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń ṣí omi yìí bí oṣù mẹ́rin bá pé.

"Kò le," Ìyá Alódò wí. "Ẹja àkọ́kọ́ tó bá jáde, a ó gé orí ẹ̀, a ó sè é láìfi nǹkan kan sí i. Èmi tí mo dàgbà jù ni màá jẹ ẹ́, lójú gbogbo èèyàn. Orí ni omi tí ò dáa ti ń kọ́kọ́ hàn lára ẹja. Tó bá korò, mo máa tu ú dànù, ẹnikẹ́ni ò ní wọ omi. Tó bá dùn, kálukú wọlé."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń jẹ ẹ́? Tó bá wá ṣe yín ní jàǹbá ńkọ́?"

"Mo ti pẹ́ láyé. Àwọn yìí lọ́mọ lẹ́yìn."

Dókítà Olúrẹ̀mí wá pe Ọnárébù, ó ní, "Ọnárébù, mo fẹ́ràn èyí. Mi ò lè fọwọ́ sí omi tí n ò mọ bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí Ìyá jẹ orí ẹja àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá mú. Tó bá dáa lẹ́nu wọn, màá fọwọ́ síwèé yín níbí."

Mùjíbátù mọ̀ pé omi wọn dára. Kò sí orí ẹja kan tó korò níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó wá di pé dídára omi náà ló máa gba omi lọ́wọ́ wọn.

Ọnárébù ti rí Yésúfù lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń yọ́ wọ inú eèsún pẹ̀lú àpò dúdú kan. Ayọ̀ gbé e, ó gbá gbohùngbohùn mú.

"Orí? Ṣé orí lásán lẹ ń bèèrè lọ́wọ́ Erin Inú Ibú? Mo fi oyè mi búra, orí tí mo máa fà jáde lónìí, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí! Orí tó máa kún ìkòkò! Orí tó máa wò yín lójú, tó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kí yín! Bí orí náà bá kéré, kí n má jẹ́ Ọnárébù mọ́!"

"Ìkòkò wo ni kí n gbé ka iná?" Ìyá Alódò bèèrè.

"Èyí tó tóbi jù, Ìyá!"

Wọ́n gbé e kaná. Ìkòkò ìgbéyàwó ni.

Ọnárébù ju ìwọ̀ sápá eèsún. Eèsún mì. Yésúfù wà nísàlẹ̀, omi dé àyà rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa fi ìwọ̀ kọ́. Kò rí ẹnu. Kò sì yà á lẹ́nu, torí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnu wà. Ó fi kọ́ ọ ní ìrù, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ó ti jẹ ẹ́!" Ọnárébù ké. Ó ń fà, ó ń wó lẹ́yìn, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde. Ẹgbẹ́ di ìbàdí rẹ̀ mú, gbogbo wọn ń pariwo. Fàdìlàt ń ya fọ́tò. Ẹja náà fi ìdí ṣáájú jáde nínú omi, ó gbára jọ gbọnrangandan, ó ń tutù yọ èéfín nínú oòrùn. Ọnárébù gbé e sókè lókè orí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dí fún ayọ̀.

Ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ gan-an dákẹ́, wọn ò sì bẹ̀ wọ́n lọ́tẹ̀ yìí.

"Orí ẹ̀ dà?" Ìyá Alódò bèèrè.

Ọnárébù la ojú. Ó wo òkè ẹja, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yí i padà, bóyá orí wà lẹ́yìn.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ rí nǹkan sọ. "Ó ṣí orí ni, láti kí Ọnárébù, bí èèyàn ṣe ń ṣí fìlà."

"Onírẹ̀lẹ̀ ẹja ni," ẹnìkejì wí.

"Ìlọ́po ọgbọ́n Ọnárébù ló wọ̀ ọ́ lórí," ẹnìkẹta wí, "orí ò gbà á."

"Fẹnu kò ó, ọmọ mi," Ìyá Alódò wí. "Ṣebí o ní wàá fẹnu kò ó."

Ọnárébù wá ibi tó máa fẹnu kò. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín kí ẹ má rẹ́rìn-ín: ó fẹnu ko ibi tí wọ́n ti gé e. Yìnyín mú un létè. Ó pariwo, ó sì ronú kan ohun kan tó máa gbà á.

"Ẹja yìí ti jìyà tó! Òfin ìgbafẹ́ ni òfin! Mo dá a padà sílé rẹ̀!" Ó sọ ọ́ sómi kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Mùjíbátù ò dúró. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọnú omi tó dé orúnkún, ó fẹsẹ̀ wá a, ó gbé e jáde. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó na inú rẹ̀ tó ti là sí Dókítà Olúrẹ̀mí.

"Ẹ wò ó, mà. Pánlá ni. Òkun ló ń gbé, kò gbé adágún rí. Yìnyín ṣì wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti fọ ìfun ẹ̀ kó tó jẹ ìwọ̀ wa. Ẹ̀yin ẹ bá mi bi Ọnárébù, ẹnu wo ló fi jẹ ẹ́?"

"Ọnárébù," obìnrin náà wí, "ẹnu wo ló fi jẹ ẹ́?"

Ọnárébù gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Gbohùngbohùn hu. Òun ò hu. Lásìkò yẹn ni Yésúfù sín nínú eèsún, òtútù ti mú un. Gbogbo èèyàn yíjú síbẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú àpò dúdú lọ́wọ́, omi ń ro lára rẹ̀.

"Dókítà," ó wí, "mo bẹ̀ yín, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ní orí."

Dókítà Olúrẹ̀mí mú ìwé jáde nínú báàgì. Mùjíbátù dúró sínú omi, pánlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà fa ìwé ya sí méjì, ó tún fà á sí mẹ́rin.

"Ìyá, omi yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Kò sẹ́ni tó máa fi irin yí i ká. Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ránṣẹ́ pè mí, mo fẹ́ wá wo bí ẹ ṣe ń jẹ orí yẹn. Ọnárébù, ẹ fi oyè yín búra lójú wa. Ìbúra náà ti bá yín. Ẹ má wá sí ọ́fíìsì lọ́la. Èmi fúnra mi máa kọ lẹ́tà ìyọnípò yín kí n tó sùn."

Mùjíbátù jókòó sínú omi. Bó ṣe wà, pẹ̀lú ìró àti gèlè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, pánlá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú àwọn èèyàn yìí, ẹ mọ ohun tó kàn. Ọkùnrin méje alápò mẹ́rìndínlógún rọ́ kúrò lẹ́yìn Ọnárébù bí omi ṣe ń kúrò nínú ajere. Yésúfù ló ṣáájú. Wọ́n yí Ìyá Alódò ká.

"Ìyá Adágún Gbogbo!" Yésúfù lọgun, ó ń gbọ̀n. "Ẹ wo bí Ìyá ṣe dúró! Kò sí obìnrin tó ń dúró báyìí ní gbogbo Akínyẹlé! Ọlọ́run ló fi ìdúró yìí rán yín sáyé, mà!"

"Ṣé ẹ̀yìn yín ò dùn yín?" Ìyá Alódò bèèrè.

"Rárá, mà! Ara wa le!"

"Ó dáa. Àgbá àgbàdo wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ rù wọ́n padà sílé, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ fi yanrìn ha ìdí wọn. Ẹni tó bá fọ́ ọ̀kan á rà á."

Wọ́n rù ú. Awakọ̀ Ọnárébù náà rù ú, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Dókítà Olúrẹ̀mí ti lọ. Àwọn obìnrin ti padà sílé lọ tún igèrè ṣe, orin ló kù lẹ́nu wọn. Ẹnu ọ̀nà mọ́tò rẹ̀ ni Ọnárébù dúró sí, oòrùn ń pa á, ó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ọdún mẹ́ta tó ti gorí àga, ẹlòmíràn ló ń bá a ṣí i, òun á kàn gbé ẹsẹ̀ sókè ni. Ó dúró títí. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kàn án, ó tì í. Kò ṣí. Ó fi èjìká tì í. Ó wo ilẹ̀kùn, ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá Alódò ń kọjá lọ pẹ̀lú ìkòkò ìgbéyàwó lórí, ó dúró, ó wò ó díẹ̀.

"Fà á sọ́dọ̀ ara ẹ, ọmọ mi."